Ọjà Wo ni Ẹ́dítọ̀ ń Polówó? Lámèyítọ́ lórí Showreel

Níbi àpérò kan tí a ṣe láìpẹ́, akẹgbẹ́ mi kan dìde, ó ní showreel kì í ṣe ohun tó yẹ kí onílámèyítọ́ fi àsìkò rẹ̀ ṣòfò lé lórí, pé ìpolówó ọjà lásán ni. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín ní tèmi, nítorí ọkùnrin yìí kan náà ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa pé ìpolówó ọjà wà lára lítíréṣọ̀ alohùn Yorùbá, tó sì ń gé máàkì ẹni tí kò bá rí ọnà èdè inú rẹ̀. Ó jọ pé bí ìyá ẹlẹ́kọ bá kiri, ọnà ni; bí ọmọ tó ń gé fíìmù ní Ṣúrùlérè bá kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó di lásán.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ fún ẹni tí kò sún mọ́ iṣẹ́ náà. Showreel jẹ́ fídíò kúkúrú, ìṣẹ́jú kan sí méjì, tí ẹ́dítọ̀ ti ń ṣa díẹ̀díẹ̀ jọ nínú iṣẹ́ tó ti ṣe, kí ẹni tó fẹ́ gbéṣẹ́ fún un lè mọ bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe rí. Láyé VHS, inú kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń kó o sí, tí wọ́n á máa gbé e káàkiri ọ́fíìsì. Vimeo dé ní 2004, YouTube tẹ̀ lé e ní 2005, ó wá ku kí wọ́n máa fi líǹkì ránṣẹ́. Mo ti wo púpọ̀ nínú wọn, tilé toko, n kò sì ní fi bí mo ṣe ṣà wọ́n dá yín dúró.

Kì í ṣe pé wọ́n jẹ́ ìpolówó ni àléébù wọn. Ọjà ọlọ́jà ni ọ̀pọ̀ wọn ń polówó. Orin á bẹ̀rẹ̀ kìjikìji, dróònù á fò kọjá lórí afárá Third Mainland, ìyàwó á yí po nínú aṣọ rẹ̀, mọ́tò á gbiná, gígé kọ̀ọ̀kan á sì máa bọ́ sórí ìlù kọ̀ọ̀kan. Ó lẹ́wà. Ẹwà ta ni? Ayàwòrán ló ni ti dróònù, olórin ló ni ti ìlù. Oníyọ̀ wá ń ké pé ata rè é! Àwọn kan tó ń kọ̀wé lórí fíìmù wa a máa yin irú èyí pé ó "lágbára". N kò mọ ohun tí ojú wọn ń rí.

Lev Kuleshov, ará Rọ́ṣíà, ti fi ohun tí ẹ́dítọ̀ ń tà hàn láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe máa ń ròyìn rẹ̀, ojú òṣèré kan ṣoṣo, Ivan Mozzhukhin, ojú tí kò rẹ́rìn-ín tí kò sunkún, ló fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ ọbẹ̀, ó fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú ọmọdé nínú pósí, ó tún fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kan. Àwọn òǹwòran ní ebi ń pa á, wọ́n ní ó ń ṣọ̀fọ̀, wọ́n ní ìfẹ́ ń gbé e. Ojú náà kò yí padà. Ìtumọ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀. Ẹ wá wo showreel: ojú ni wọ́n ń kó wá, wọ́n fi abọ́ ọbẹ̀ sílé.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù ni ti Anne V. Coates, obìnrin tó gé Lawrence of Arabia ní 1962, tó sì gba Oscar nídìí rẹ̀. Peter O'Toole, òṣèré tó ṣe Lawrence, mú ìṣáná tó ń jó lọ́wọ́, ó fẹ́ ẹ pa. Lójú ẹsẹ̀, aṣálẹ̀ ló kù lójú wa, oòrùn kò tíì yọ. Ohun tí wọ́n ti pinnu tẹ́lẹ̀ ni pé kí àwòrán kìíní yọ́ wọ inú èkejì díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí wọ́n wo ìsopọ̀ náà lásán, kí wọ́n tó ṣe yíyọ́ yẹn, ni òun àti David Lean, olùdarí fíìmù náà, rí i pé gígé tààrà yẹn ló dára jù, wọ́n sì fi yíyọ́ náà sílẹ̀. Àwọn olùkọ́ tó ń fi ibẹ̀ han akẹ́kọ̀ọ́ a máa gé e ku ìṣẹ́jú-àáyá méjì: iná, èémí, iyanrìn. Wọ́n ti pa á nìyẹn. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni bí iná ṣe pẹ́ lójú wa kí èémí tó kàn án, àti bí ojú ọ̀run ṣe pọ́n tó dúró sí wa lójú, tí a ń retí, tí a ń retí, kí oòrùn tó wá yọ orí kíún. Sùúrù ni obìnrin yẹn tà, ẹ ò sì lè bu sùúrù ní ìṣẹ́jú-àáyá méjì kí ẹ ní ẹ ti tọ́ ọ wò.

Títí dé ibí yìí, àwòrán ni mo rò pé mo ń sọ. Ṣùgbọ́n etí ni ọ̀rọ̀ náà ń fà mí lọ.

Ọdún tó kọjá, ọmọkùnrin kan mú showreel rẹ̀ tọ̀ mí wá. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wò ó." Ìṣẹ́jú kan àbọ̀: dróònù, ìlù, iná. Mo bi í pé iṣẹ́ wo ló gbà á lágbára jù lọ́dún náà. Kò rò ó rárá. Ìran kan ni, ó ní, ìyá kan ń bó ẹ̀gúsí, ọmọ rẹ̀ wá tọrọ owó. Kò sí nínú showreel. Kí ló dé? "Kò sí nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, sà."

Mo ní kó ṣí i. Ìyá jókòó lórí àpótí, abọ́ wà láàrin ẹsẹ̀ rẹ̀, a sì ń gbọ́ bí èèpo ẹ̀gúsí ṣe ń ṣẹ́, pẹ́, pẹ́. Ọmọ ń rojọ́. Ìyá kò wò ó, ó ní, "Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fọ́mọlúàbí." Nígbà tí wọ́n ń yà á, obìnrin náà pa òwe yẹn délẹ̀, ojú rẹ̀ ni kámẹ́rà sì wà. Ọmọkùnrin yìí gé àbọ̀ kejì sọnù. Ó gbé wa lọ sórí ọwọ́ ìyá: ìka méjì di hóró kan mú, kò tẹ̀ ẹ́. Pẹ́ kò dún mọ́. Ìgbà náà ló tó fi ojú ọmọ hàn wá, ó sì fi wá síbẹ̀ títí àbọ̀ òwe tó kù fi dé inú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo ti ka ọ̀pọ̀ ìwé lórí òwe nínú fíìmù Yorùbá, tí wọ́n kàn ń ka iye òwe bí ẹní ń ka owó àjọ. Kò sí ọ̀kan tó bi mí pé ojú ta ni a ń wò nígbà tí òwe bá dá dúró.

Ó tún ku ohun kan. Ọmọkùnrin náà ní nígbà tí òun kọ́kọ́ gé e, òun gé ohùn ìyá mọ́ra jù. Ohùn òkè tó wà nípárí ọ̀rọ̀ náà kò rí ààyè parí, ó wá dà bíi pé ẹnì kan já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀, kì í ṣe pé ó fúnra rẹ̀ dákẹ́. Ó dá férémù mẹ́rin padà. Férémù 25 ló wà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ́dọ̀ wa. Mẹ́rin kò tó ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀. Nínú férémù mẹ́rin yẹn ni ìyá ti gba ọlá rẹ̀ padà. Ẹ wá da orin kìjikìji lé e lórí, kí ẹ wò ó bóyá ẹnikẹ́ni á gbọ́.

Wọ́n á ní agbanisíṣẹ́ kò ní sùúrù. Òótọ́ ni. Orí fóònù ni wọ́n ti ń wò ó, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kọ́ńdọ́tọ̀ ń pariwo létí wọn. Nítorí náà, n kò ní kí ọmọkùnrin náà má fi ohun tó yá bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo wí ni pé kó yọ orin kúrò níbì kan, kó jẹ́ kí ìran kan ṣoṣo fi ohùn ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, kó sì kọ ọ́ sí igun ìsàlẹ̀ pé òun ló gé àwòrán, òun ló tún ohùn ṣe.

Ó ṣe é. Ìṣẹ́jú-àáyá 22 ló fún ìyá ẹ̀gúsí, lẹ́yìn tó ti gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni fíìmù. Mo fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí akẹgbẹ́ mi yẹn, mi ò kọ ọ̀rọ̀ kankan tì í. Alẹ́ ọjọ́ náà ló pè mí. Ó ní òun wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní ibi ọwọ́ yẹn, ibi tí ìyá kò ti tẹ hóró ẹ̀gúsí mọ́, ta ló yà á? Ó ní ayàwòrán yẹn mọṣẹ́.