Tírà àti Àpò Awọ Rẹ̀

Ọ̀nà méjì ni a sábà ń gbà ṣe lámèyítọ́ ìwé àdúrà aláfọwọ́kọ àwọn Mùsùlùmí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn kan ń yin awọ tí a fi dì í, wọn kì í wo inú rẹ̀. Àwọn mìíràn ń túmọ̀ àdúrà inú rẹ̀, wọn kì í ka awọ sí. Èrò tiwa ni pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí a fi Dalailul-Khairati ṣe àpẹẹrẹ. Al-Jazuli, ọmọ ilẹ̀ Mòrókò tí ó kú ní 1465, ni ó ṣe àkójọ àsàlátù yìí. A pín in sí abala-abala, kí òǹkàwé lè máa ka ìwọ̀n kan lójoojúmọ́. Nínú àwọn ẹ̀dà tí a fi ọwọ́ kọ ní ilẹ̀ Haúsá, a kì í rán ewé pọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ọ̀rọ̀ tí yóò bẹ̀rẹ̀ ojú-ewé tí ó kàn ni a kọ sí ìsàlẹ̀ èyí tí ó ṣáájú, kí ètò má baà dàrú. Nípa bẹ́ẹ̀, òǹkàwé lè mú abala ti òòjọ́ nìkan lọ́wọ́, akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan sì lè ṣe àdàkọ ìwé kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Iṣẹ́ tí okùn ń ṣe nínú ìwé tí a rán pọ̀ ni awọ ń ṣe níhìn-ín. Awọ ewúrẹ́ ni a fi ká ewé náà mọ́, a ó fi ọ̀já awọ dì í, a ó sì tì í bọ inú àpò tí àwọn Haúsá ń pè ní gafaka. Bí kò bá sí awọ, ewé yóò fọ́n ká. Ọnà onígun tí a fi tàdáwà pupa àti ti ìyeyè yà sínú ìwé ń fi ààlà abala han òǹkàwé; irú ọnà onígun bẹ́ẹ̀ ni a sì tún ń rí lára awọ. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Èdè Yorùbá pàápàá ṣe ẹlẹ́rìí sí èyí. Tírà ni a ń pe ìwé mímọ́. Tírà náà ni a ń pe oògùn tí a kọ sínú tákàdá, tí a sì fi awọ rán. Nítorí náà, bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ nípa àjọṣe kókó-ọ̀rọ̀ àti ìrísí iṣẹ́ ọnà, kí ó má ṣe pe awọ yìí ní ọ̀ṣọ́ lásán. Ẹni tí ó bá ta awọ lọ́tọ̀, tí ó kó ewé pamọ́ lọ́tọ̀, ìwé gan-an ni ó bàjẹ́.