Ooru Ni Wọ́n Ń Wá: Lámèyítọ́ Lórí Ìpẹja Ìgbà Òtútù ní Ọ̀sà Galveston

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń gbé nílùú Houston, ní Texas, ló gbà pé bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, ó yẹ kí ẹni tó ń fi ìwọ̀ pẹja nínú ọ̀sà Galveston ká okùn rẹ̀ títí di oṣù Kẹta. Wọ́n ní ẹja ti lọ. Bí ẹnì kan bá sì gbé ẹja wálé lásìkò náà, oríire ni wọ́n máa ń kà á sí. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ibi tí ẹja lè gbé nínú ọ̀sà ló dín kù, ẹja púpọ̀ ló ṣì wà níbẹ̀. Bí òtútù bá ti sọ ibi tó pọ̀ jù lọ di ibi tí kò ṣeé gbé, ẹni tó mọ bí omi ṣe ń tutù tó sì ń gbóná kò ní ibi púpọ̀ láti wá mọ́. Òun gan-an ni ìgbà òtútù rọ̀ lọ́rùn jù. Ọnà tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níbí wà nínú ojú tó ń ka omi kí ọwọ́ tó ju ìwọ̀ rárá.

Ọ̀sà náà fẹ̀ gan-an, àmọ́ kò jìn. Níbi tó pọ̀ jù lọ, omi ibẹ̀ kò ju nǹkan bíi mítà méjì lọ, omi tí kò jìn sì tètè ń gbóná, ó tètè ń tutù. Ẹja ní tirẹ̀ kò lè dá ooru ara rẹ̀ ṣe bíi tàwa èèyàn. Bí omi bá ṣe rí ni ara rẹ̀ ń rí. Bí omi bá tutù, oúnjẹ kì í tètè dà nínú rẹ̀, kì í sì í fẹ́ lé ohun tó ń sáré. Ẹja speckled trout, tí àwọn apẹja Texas fẹ́ràn jù, lè kú bí omi bá sún mọ́ ìwọ̀n 7 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹja redfish lè fara da òtútù jù ú lọ. (Ìdílé kan náà ni àwọn méjèèjì àti black drum pẹ̀lú croaker tí à ń rà lọ́jà Èkó, ẹni tó bá ti jẹ croaker kò ní ṣàjèjì sí adùn wọn.)

Atẹ́gùn àríwá ni ọba ìgbà òtútù níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí ọyẹ́ ṣe ń wọlé sí wa nílé á mọ ohun tí mò ń sọ: òru ọjọ́ kan ṣoṣo tó láti yí gbogbo nǹkan padà. Kí atẹ́gùn náà tó dé, gúúsù ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, ìkùukùu á bo ojú ọ̀run, ara á móoru, ẹja á sì máa jẹun bí ẹni pé ìyàn ń bọ̀. Bó bá wá dé, á gbá omi ọ̀sà jáde sínú òkun débi pé ẹrẹ̀ etí omi á hàn síta. Ẹja ò ní lè dúró lórí ibi pẹrẹsẹ mọ́. Ibú ni wọ́n á forí lé: ọ̀nà ọkọ̀ ńlá tí wọ́n gbẹ́ lọ sí Houston, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1914, tó sì ti jìn ju mítà 13 lọ báyìí, àwọn kọ̀rọ̀ inú odò kéékèèké, èbúté tí wọ́n ń so ọkọ̀ sí, àti Offatts Bayou ní erékùṣù Galveston. Offatts Bayou yìí gbayì láàárín àwọn apẹja ìgbà òtútù. Wọ́n ti gbẹ́ iyanrìn inú rẹ̀ láti fi kún ilẹ̀ ìlú, kòtò tí wọ́n fi sílẹ̀ sì di ilé trout.

Ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn náà, ojú ọ̀run á mọ́ kedere, oòrùn á yọ, síbẹ̀ òtútù á ṣì máa mú. Àsìkò yìí ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Ojú ọjọ́ dára, wọ́n á gbé ọkọ̀ sómi, wọ́n á sì bá ẹja tí kò fẹ́ la ẹnu. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ á ní sùúrù títí atẹ́gùn á fi yí padà, tí á máa fẹ́ láti gúúsù ìlà-oòrùn. Omi á padà wọ inú ọ̀sà, oòrùn á ti ràn sórí ẹrẹ̀, ẹja á sì gòkè wá láti ibú, lọ́sàn-án ju àárọ̀ lọ. Lílọ àti bíbọ̀ yìí ni ìwé tí apẹja ń kà.

Ẹ wo ọ̀sán oṣù Kìíní kan, nígbà tí atẹ́gùn àríwá ti jà tán. Apẹja pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ nígbà tó ṣì jìnnà sí etí omi, ó wá ń fi ọ̀pá gígùn ti ọkọ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀, síbi tí omi kò ti ju ìbàdí èèyàn lọ. Ìhà tí koríko etí omi ti ń dí atẹ́gùn lọ́wọ́ ló yàn. Ilẹ̀ abẹ́ omi níbẹ̀ dúdú: ẹrẹ̀ ni, ìkarawun sì fọ́n ká sórí rẹ̀. Ẹrẹ̀ dúdú máa ń gba ooru oòrùn mọ́ra ju iyanrìn funfun lọ. Bí omi orí rẹ̀ bá fi ìwọ̀n kan péré gbóná ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹja kéékèèké á mọ̀, ẹja ńlá á sì tẹ̀ lé wọn. Apẹja náà kò tíì ju ìwọ̀. Ẹja mullet kan fò sókè, ó padà balẹ̀. Nígbà ooru, mullet pọ̀ débi pé kò sẹ́ni tó ń bìkítà fún fífò wọn; ní oṣù Kìíní, ẹyọ kan péré tó láti dá ọkọ̀ dúró. Lọ́ọ̀ọ́kán, ẹyẹ loon tó ti apá Kánádà wá lo ìgbà òtútù ń rì, ó ń yọjú, ó sì tún ń rì. Ẹja kéékèèké wà lábẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni ojú omi dán lójijì níbì kan, tí ìgbì kò sí níbẹ̀ mọ́. Òróró ẹja tí trout jẹ tó sì bì ló léfòó bẹ́ẹ̀, òórùn rẹ̀ sì jọ ti wọ́tàmẹ́lọ̀n. Ìgbà yìí ni ọwọ́ tó kan ọ̀pá ìwọ̀.

Nínú gbogbo irin iṣẹ́ àwọn apẹja yìí, ọ̀kan ṣoṣo ni mo rò pé ó yẹ kí a kà sí iṣẹ́ ọnà ní tòótọ́: ìdẹ tí wọ́n ń pè ní Corky, tí Paul Brown, ará Houston, ṣe. Ó rọ̀ lọ́wọ́, wáyà tó ṣeé tẹ̀ wà nínú rẹ̀, kì í sì í yára rì. Ìdẹ tó ń sáré kò wúlò fún ẹja tí òtútù ti mú lápá. Ohun tí ẹja bẹ́ẹ̀ ń wá ni oúnjẹ ńlá kan tí kò ní í fi agbára lé, mullet tó ń ṣàárẹ̀ lójú rẹ̀, tó dúró sójú kan nínú omi. Brown fi ọwọ́ sọ òye nípa omi tútù di ohun tí èèyàn lè gbá mú. Ẹni tó bá ń yára fà á kò tíì lóye rẹ̀.

Ti àwọn ẹ̀rọ tó ń fi ìró wo ìsàlẹ̀ omi ńkọ́? Nínú ibú, wọ́n wúlò. Àmọ́ lórí ẹrẹ̀ tí omi rẹ̀ kò ju mítà kan lọ, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ á ti lé ẹja kí ẹ̀rọ tó rí i. Ìgbà òtútù tún máa ń mú kí omi mọ́ gaara, nítorí pé àwọn ewéko tíntìntín tó ń sọ ọ́ di aláwọ̀ ewé ti dín kù, ẹja sì ń rí apẹja dáadáa. Èyí tó wúlò jù nínú ọkọ̀ ni ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn bí omi ṣe tutù tó. Ohun tí mo rí tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ni àṣà kí ọ̀rẹ́ máa fi àmì ibi tí ẹja wà ránṣẹ́ sórí fóònù ọ̀rẹ́. Wọ́n fún un ní ibi, wọn kò sọ ìdí tí ẹja fi wà níbẹ̀. Bí atẹ́gùn bá yí, àmì náà di òfo, ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí kò sì rí ẹ̀kọ́ kankan kọ́.

Ibì kan wà tí ọgbọ́n yìí ti ń parí. Ní Texas, òtútù oṣù Kejìlá ọdún 1983 pa ẹja tó lé ní mílíọ̀nù 14 ní etíkun; ẹ̀ẹ̀mejì ni òtútù bẹ́ẹ̀ tún jà lọ́dún 1989. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, Texas Parks and Wildlife, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ẹja àti ẹran ìgbẹ́, fojú bù ú pé ẹja tó kú kò dín ní mílíọ̀nù 3.8. Nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn ẹja tó bá yè á há sínú ibú díẹ̀, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú, ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa omi á sì lè kó wọn. Ìdí nìyẹn tí òfin fi fún iléeṣẹ́ náà lágbára láti ti àwọn ibú kan pa títí omi á fi móoru. Mo fara mọ́ òfin yẹn tọkàntọkàn. Iye ẹja tó wà nínú kúlà ni wọ́n fi ń yin apẹja ìgbà òtútù, mo sì ka èyí sí àṣìṣe tó tóbi jù nínú bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ yìí. Kò sí kíkà omi kankan nínú kíkó ẹja tó ti dákú. Láti ọdún 2024, trout mẹ́ta péré ni òfin gbà kí ẹnì kan mú lóòjọ́, ó sì tó.

Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Houston, ẹ lọ wo ọ̀sà yẹn lọ́sàn-án oṣù Kìíní, kódà bí ẹ ò bá ní ìwọ̀ lọ́wọ́. Bí ìkéde bá sì jáde pé wọ́n ti ti ibú pa nítorí òtútù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ dúró sílé. Trout tó bá yè é ni yóò yé ẹyin bí omi bá tún móoru ní oṣù Kẹrin.