Kànga àti Orúkọ: Ọ̀rọ̀ Ọmọ Àlejò nínú A Casa da Água ti Antônio Olinto

1. Ìfáàrà

Ọ̀pọ̀ ìjíròrò lórí ọmọ àlejò ni ó gbà pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ̀: òbí á mú àṣà wá, ọmọ á fi díẹ̀ sílẹ̀, ọmọ-ọmọ á gbàgbé. Ìtàn àròsọ A Casa da Água (1969), tí Antônio Olinto, ọmọ Bùràsíìlì tí ó ṣiṣẹ́ ní Èkó ní àwọn ọdún 1960, kọ, kò fara mọ́ èrò yìí. Catarina, ìyá àgbà tí a ti kó lẹ́rú rí, ń padà sílé. Mariana, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí a bí sí Bùràsíìlì, ń lọ sí àjò. Ọkọ̀ kan náà ni wọ́n jọ wọ̀.

2. Kànga

Ó rọrùn láti fi òwe odò tí ó gbàgbé orísun rẹ̀ yẹ ìtàn yìí wò, ṣùgbọ́n òwe náà kò bá a mu. Kànga ni Mariana gbẹ́ ní Èkó; omi rẹ̀ ni ó tà tí ó fi lówó. Ilẹ̀ tí a dúró lé ni omi kànga ti ń sun. Ohun tí àmì yìí ń fi hàn ni pé ìwúlò ni ó ń sọ àlejò di onílé, kì í ṣe ìgbàgbé. Síbẹ̀, ẹni tí ó ra omi lọ́wọ́ ẹni kò tíì pe ẹni ní ọmọ ìyá: Àgùdà ni Èkó ń pe irú wọn.

3. Orúkọ

Àìná ni orúkọ Catarina ní Áfíríkà, orúkọ àmútọ̀runwá tí oko ẹrú kò lè gbà. Nínú Trono de Vidro (1987), ọmọ-ọmọ Mariana ń jẹ́ Mariana. Orúkọ tí wọ́n gbé ti òkè òkun dé ti wá di orúkọ ìdílé.

4. Àléébù àti Ìkádìí

Nígbà tí ọmọ Mariana di ààrẹ Zorei, orílẹ̀-èdè tí Olinto fi ojú inú dá, ìṣèlú gba ìtàn náà mọ́ ìdí ààrò lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ìdí ààrò ni ìbéèrè wà. Láàárín àwọn Àgùdà Èkó, èdè Potogí kúrò lẹ́nu ọmọ, ṣùgbọ́n fùrèjọ́ọ̀nù kò kúrò nínú àwo ní Ọjọ́ Ẹtì Rere. Kí ni ó fà á tí oúnjẹ fi pẹ́ ju èdè lọ? Ìwé náà kò dáhùn. Síbẹ̀, ó kọ́ lámèyítọ́ láti má ṣe fi ohun tí ọmọ sọnù nìkan díwọ̀n rẹ̀; ohun tí ó gbẹ́ jáde níbi tí ó dé náà yẹ ní wíwọ̀n.