Akin, Àyà àti Iṣan

Bí ènìyàn bá dúró ní oríta Ọ̀rẹ̀, níbi tí ọ̀nà tí ó ti Ṣàgámù lọ sí Ìbíní ti pàdé èyí tí ó ti Oǹdó sọ̀kalẹ̀ lọ sí Òkìtìpupa, tí ó sì fetí sí àwọn àgbà tí wọ́n ń ròyìn ohun tí ojú wọn rí ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, nígbà tí àwọn ọmọ-ogun Biafra la Ìbíní kọjá, tí wọ́n sì dé ibẹ̀ kí àwọn ọmọ-ogun ìjọba àpapọ̀ tó dá wọn dúró, yóò ṣàkíyèsí pé kò sí ẹnìkan nínú wọn tí yóò dárúkọ iṣan. Àyà wọn já, orí wọn wú, ara wọn gbọ̀n, ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn mọ́. “Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀” ni àwa yòókù fi ń ṣe àkàwé ohun tó bá le títí di òní. Báyìí ni orúkọ ìlú kan ṣe di orúkọ ẹ̀rù.

Iṣan ni a ń pe okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń gbé ìrora láti àtàǹpàkò dé ọpọlọ. Ṣùgbọ́n iṣan náà ni ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, iṣan náà sì ni okùn líle tí ó so ẹran mọ́ eegun, èyí tí ọ̀bẹ alápatà kì í tètè gé. Ohun mẹ́ta ní ń jẹ́ orúkọ kan. N kò ka èyí sí àìmọ̀kan àwọn baba wa, nítorí kì í ṣe ara òkú ni wọ́n là wò kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tí ara alààyè ń ṣe ni wọ́n wò. Ẹ wo rọpárọsẹ̀: ó rọ apá, ó rọ ẹsẹ̀. Kòkòrò àrùn yìí a máa ba iṣan tí ń rán apá àti ẹsẹ̀ níṣẹ́ jẹ́ láti inú ọ̀pá ẹ̀yìn. Àwọn tí ó sọ ọ́ lórúkọ kò rí kòkòrò náà, síbẹ̀ wọ́n ká gbogbo ìṣe rẹ̀ jọ sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, bí baba ọmọ ti í ká ìtàn ilé rẹ̀ jọ ní ọjọ́ kẹjọ.

Ọnà kan náà ni. Ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ ni a sì wo ara kí a tó sọ àrùn lórúkọ. Ní Odígbó, agbègbè tí Ọ̀rẹ̀ wà, àti ní gbogbo ilẹ̀ Oǹdó, Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ tí ó yí i ká, orúkọ tí Akin ṣíwájú rẹ̀ pọ̀ bí igi oko. Akin sì ni agbára tí kì í jẹ́ kí ara gbọ̀n níbi tí ti ẹlòmíràn ti ń gbọ̀n. Ṣùgbọ́n akin nìkan kò tíì sọ nǹkan kan. Akíndélé ń wí pé ó dé ilé, Akíntóyè ń wí pé ó tó oyè í jẹ, Akínwùmí ń wí pé òun ni ọkàn ẹni ń fẹ́, Akínlabí sì ń fọwọ́ sọ̀yà pé òun gan-an ni a bí. Ó dùn mí púpọ̀ pé gbogbo wọn ni a ń gé kù sí “Akin” nílé ìwé àti ní ọ́fíìsì, tí a sì ń sọ ọ̀rọ̀-ìṣe tí ẹwà orúkọ wà nínú rẹ̀ nù. Ohùn pẹ̀lú ṣe pàtàkì: ojo ni ẹni tí àyà rẹ̀ kò gbà á, ṣùgbọ́n Òjó, ọmọkùnrin tí ó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé, kò bá a tan rárá.

Orúkọ mìíràn, Orímógùnjẹ́, fi agbára fún orí, pé òun ni í jẹ́ kí oògùn ṣiṣẹ́. Òwe wa sì dáhùn pé àyà níní ju oògùn lọ. N kò rò pé wọ́n takora. Láàárín orí àti àyà ni àwọn baba wa fi iṣẹ́ tí a ń kà sí ti iṣan lónìí sí. Bí orúkọ ṣe ń fi akin hàn, bẹ́ẹ̀ ni ó lè fi ẹ̀rù hàn: bí gìrì bá mú ọmọ tí ibà ń ṣe, tí ó sì pa á, ìyá tí ó tún bímọ lẹ́yìn rẹ̀ kì í dárúkọ àrùn náà mọ́. Ẹ̀bẹ̀ ni orúkọ ọmọ tuntun náà ń di: Málọmọ́, Dúrósinmí.

Ọ̀rọ̀ orúkọ iṣan kì í ṣe eré lásán: ní ìparí àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun ti Ìbàdàn ṣe ìwádìí àwọn ènìyàn kan ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú, tí ẹsẹ̀ wọn ń kú, tí wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ rìn, tí ojú àti etí àwọn mìíràn sì ń kọṣẹ́. Ó sì tọpa àrùn náà dé májèlé inú ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ Odígbó gbọ̀ngbọ̀n, ilẹ̀ gàrí àti púpurú, níbi tí rírẹ ẹ̀gẹ́ sómi fún ọjọ́ mélòó kan ti ń yọ púpọ̀ nínú oró náà kúrò. Báwo ni a ó ti kìlọ̀ fún ìyá tí ó ń ṣe púpurú pé kí ó má kánjú yọ ọ́ lómi, bí a kò bá ní ju iṣan lọ láti fi sọ fún un ohun tí oró náà ń bà jẹ́? Èmi ìbá pe iṣan tí ń bá ọpọlọ jíṣẹ́ ní ajíṣẹ́-ọpọlọ, kí iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú orúkọ rẹ̀ bí ti rọpárọsẹ̀, kí iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan ẹran sì máa jẹ́ tiwọn lọ.

Mo sọ ọ́ fún ìyá àgbà kan ní Odígbó. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó fọwọ́ ra orúnkún rẹ̀, ó ní, “Ọmọ mi, bí mo bá jókòó pẹ́ tí ẹsẹ̀ mi kú, ajíṣẹ́ náà ló sùn sọ́nà nìyẹn?”