Àlọ́ Tó Wọ Inú Ewì

Shoichi Noma, olórí ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé Kodansha ní Japan, ló dá Ẹ̀bùn Noma sílẹ̀ ní 1979 fún àwọn òǹkọ̀wé ilẹ̀ Áfíríkà. Òfin kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn: ilẹ̀ Áfíríkà níbí ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti tẹ ìwé náà jáde. Ẹni tó bá gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ tẹ̀ ní London tàbí Paris, kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú. Ìtàn àròsọ àti ewì, ìwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, ìwé ọmọdé, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Mariama Bâ ọmọ Senegal ló kọ́kọ́ jẹ ẹ́ ní 1980. Ní 1991, ó kan Níyì Ọ̀ṣúndáre, ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, fún Waiting Laughters, ewì gígùn tí Malthouse tẹ̀ ní Èkó ní 1990.

Ibì kan wà nínú ìwé náà tí mi ò lè kà lẹ́ẹ̀kan kí n fi sílẹ̀. Ejò sọ fún ọ̀pọ̀lọ́ pé ebi ń pa òun. Ọ̀pọ̀lọ́ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ó ní bí òun bá di òkè ńkọ́? Ejò ní òun á tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Bí òun bá di odò ńkọ́? Ejò ní ẹnu òun ni yóò gbà ṣàn. Ègbè wà níbẹ̀, ègbè Yorùbá pọ́ńbélé láàárín ewì Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí etí ti ń gbọ́ ìlù rẹ̀ kí ojú tó kà á tán. Nígbẹ̀yìn, ọ̀pọ̀lọ́ di òkúta. Ejò gbé e mì. Ẹnu ti gbé ohun tó le jù fún ọlọ ikùn mì.

Ẹ wo bó ṣe hun ún. Ìbéèrè àti ìdáhùn kò yí ìrìn padà. Orúkọ ohun tí ọ̀pọ̀lọ́ fẹ́ dà nìkan ló ń yí. Nítorí náà a mọ ohun tó ń bọ̀, síbẹ̀ a ò mọ bí yóò ṣe parí, ìdúródeni yẹn gan-an sì ni gbogbo ìwé náà dá lé. Ẹ̀rín kò dé àfi lẹ́yìn tí ejò ti gbé ọ̀pọ̀lọ́ mì. Akéwì tí ọwọ́ rẹ̀ kò tíì gún ì bá dúró níbẹ̀ là á yé wa pé aláṣẹ ni ejò, mẹ̀kúnnù ni ọ̀pọ̀lọ́. Abẹ́ ìjọba ológun la wà nígbà náà. Ta ni kò mọ̀? Ọ̀ṣúndáre gbé àlọ́ lé wa lọ́wọ́, ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo gbà pé Èkó tí wọ́n ti tẹ ìwé yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí ègbè náà lè dúró bó ṣe wà, láìtọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Etí tó ń bá sọ̀rọ̀ kò jìnnà. Wọ́n fòpin sí Ẹ̀bùn Noma ní 2009, ó sì dùn mí títí di òní, nítorí ẹ̀bùn tó máa ń bèèrè ibi tí wọ́n ti tẹ ìwé kò pọ̀, àwọn atẹ̀wé Èkó àti Ìbàdàn sì nílò rẹ̀ bí àwọn òǹkọ̀wé ṣe nílò rẹ̀.