Ṣúngbọ́, Opó tí Kò Bímọ

Lọ́dọọdún, bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ lórí ìtàn àtẹnudẹ́nu ní Àgọ́-Ìwòyè, ìtàn Bílíkísù Ṣúngbọ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ máa ń mú wá. Ìbáà jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ìbáà jẹ́ ọmọ Abígi létí omi, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: ayaba Ṣébà tí ó lọ kí Sólómọ́nì ni ó gbẹ́ Ẹrẹ̀dò, Òkè-Ẹ̀rì ni wọ́n sì sin ín sí. Tìwúrí-tìwúrí ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Lójú tèmi, ìtàn yìí ti bo òmíràn tí ó dára jù ú lọ mọ́lẹ̀.

Yàrà náà gùn ju kìlómítà 160 lọ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àtijọ́ ká. Ní ibòmíràn, láti ìsàlẹ̀ rẹ̀ dé orí òkìtì tó mítà 20. Pacheco Pereira, ará Potogí, ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún pé yàrà ńlá yí Ìjẹ̀bú ká, ó sì dárúkọ Awùjalẹ̀. Peter Lloyd kọ̀wé lórí Ẹrẹ̀dò ní 1959, kí Patrick Darling tó jẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ nípa rẹ̀ ní 1999. Darling gbà pé ó ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún; àwọn awalẹ̀pìtàn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ fi í sí nǹkan bí 1370 sí 1420. Èyí ó wù kí a mú, Sólómọ́nì ti kú tipẹ́tipẹ́. Kùránì pàápàá kò dárúkọ ayaba náà. Àwọn alálàyé ni wọ́n pè é ní Bílíkísù. Ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni Ìsìláàmù fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Ìjẹ̀bú, mo sì fura pé ìgbà náà ni orúkọ yìí lẹ̀ mọ́ Ṣúngbọ́.

Ìtàn kejì ni mo fẹ́. Opó olówó ni Ṣúngbọ́, kò sì bímọ. Ó mọ̀ pé bí òun bá kú, kò sí ẹni tí yóò máa ké oríkì òun, ni ó bá ní kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ náà kí a má baà gbàgbé òun. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ọmọ jẹ́ lójú Yorùbá yóò mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo tó. N kò sọ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó ṣẹlẹ̀. Mo rò pé ìjọba tí ó fẹ́ dáàbò bo ara rẹ̀ ni ó gbẹ́ Ẹrẹ̀dò, ọwọ́ àìmọye ènìyàn tí a kò mọ orúkọ wọn ni ó sì fi ṣe é. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sọ ti ọnà inú ìtàn, inú ilẹ̀ wa ni ìtàn opó yìí ti hù. Ti Ṣébà ń yá ẹ̀wù ẹlẹ́wù wọ̀.

Òfin ibojì Òkè-Ẹ̀rì kò gba obìnrin láàyè láti wọlé. Nígbà tí mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbẹ̀, àwọn obìnrin inú wọn dúró lẹ́yìn lábẹ́ igi. Bí a ti jáde, ọ̀kan nínú wọn sún mọ́ mi, ó ní, “Ẹ má bínú, sà. Ẹ ní kò bímọ. Ta ni wọ́n wá ń ṣọ́ ọ dè, tí wọn kò jẹ́ kí àwa wọlé lọ kí i?”

N kò rí èsì fún un.