Ẹ̀yìn Ọ̀nà Tí A Là

Àwọn àgbà ní ẹni tó ń la ọ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Iṣẹ́ alámèyítọ́ ni láti dúró lẹ́yìn olùlànà, kí ó sọ ibi tí ọ̀nà ti wọ́. Ìwé lítíréṣọ̀ ni mo sábà máa ń yẹ̀ wò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ mìíràn ló wà níwájú mi báyìí: àlàyé tí Linus Torvalds kọ ní oṣù kẹwàá ọdún 2016 sórí àtúnṣe tó ṣe sí Linux, ètò tó ń darí àìmọye kọ̀ǹpútà láyé.

Ibi tí Linux ti ń ṣàkóso iyè kọ̀ǹpútà ni àléébù náà wà. Ẹ jẹ́ kí n fi ilé ìkàwé ṣe àpèjúwe. Ẹni púpọ̀ lè jọ ka ẹ̀dà ìwé kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fẹ́ kọ nǹkan sí i ni a óò ṣe àdàkọ fún, kí ojúlówó má baà bàjẹ́. Linux a ṣe àdàkọ náà tán, kò sì ní rántí mọ́ pé onítọ̀hún fẹ́ kọ̀wé. Bí ó bá dọ́gbọ́n sọ àdàkọ nù kí gègé tó kàn án, ojúlówó ni yóò kọ sí. Ẹni tí kò ní àṣẹ kankan lè tipa bẹ́ẹ̀ di olúwa ẹ̀rọ.

Torvalds kò fi nǹkan pa mọ́. Ó ní àléébù náà ti pẹ́, àti pé òun fúnra òun ti gbìyànjú àtúnṣe rẹ̀ ní ọdún 11 ṣáájú, tí kò sì dára tó. A sì tú u ká nítorí ìṣòro lórí irú ẹ̀rọ IBM kan. Ìjẹ́wọ́ yìí ni ẹwà àkọsílẹ̀ náà lójú tèmi. Síbẹ̀, ó tú àṣírí kan. Ìṣòro ẹ̀rọ IBM ti yanjú tipẹ́, ewu tó dà bí àbá lásán nígbà náà sì ti di ohun tó rọrùn láti lò, kí ẹnikẹ́ni tó padà wá dí ihò náà. Kóòdù tó dí i níkẹyìn kò tó 20 ìlà.

Èmi náà ti fa ìlà pa ìpínrọ̀ kan rí nínú iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé ó da orí ìwé náà rú, láìbéèrè iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀. Alámèyítọ́ tó bá yọ oògùn kúrò gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àrùn tó ṣẹ́kù sílẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.